Nvidia àbí AMD? Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi bí iná àdúgbò yín ṣe rí

Bí ẹnì kan bá bi mí pé graphics card (káàdì tó ń ya àwòrán géèmù sójú mọ́nítọ̀) ti ta ni kóun rà sínú kọ̀ǹpútà géèmù, ìbéèrè lèmi náà máa ń fi dá a lóhùn: apá ibo lẹ̀ ń gbé ní Àkúrẹ́, kí lẹ fi ń tan iná tí wọ́n bá ti mú tìjọba lọ, iṣẹ́ wo lẹ tún fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe lẹ́yìn géèmù? Inú àwọn míì máa ń bí o. Wọ́n fẹ́ kí n kàn dárúkọ ilé iṣẹ́ kan kí n sì máa jà fún un bí àwọn ará YouTube ṣe ń ṣe, àmọ́ àwọn ará YouTube yẹn, iná wọn kì í lọ, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á sì wà nítòsí, bí káàdì ò bá dáa wọ́n á dá a padà lọ́jọ́ kejì. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ jàre.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tá à ń rà gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da orúkọ pọ̀. Àwọn mẹ́ta ló ń ṣe ọpọlọ káàdì: Nvidia tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, AMD tó ra ATI, ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà, ní 2006 tó fi di pé àwọn náà ń bá Nvidia du ọjà, àti Intel tó gbé káàdì Arc tiẹ̀ jáde ní 2022. ASUS, Gigabyte, Zotac, Sapphire, PowerColor, gbogbo orúkọ gàdàgbà gàdàgbà tẹ́ ẹ̀ ń rí lára páálí yẹn, wọn ò ṣe ọpọlọ kankan, wọ́n rà á ni, wọ́n wá fi pátákó, fáànù àti irin tó ń gbé ooru jáde sí i. Ìyẹ̀fun kan náà ni, oníbúrẹ́dì ló yàtọ̀. Sapphire àti PowerColor, ti AMD nìkan ni wọ́n ń ṣe, Zotac àti PNY ò kúrò lọ́dọ̀ Nvidia, ASUS àti Gigabyte ń ṣe méjèèjì. Torí náà ẹni tó bá sọ fún mi pé "ASUS ni mo rà" kò tíì sọ nǹkan kan. RTX 4060 (orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RTX tàbí GTX, ti Nvidia ni, RX ni ti AMD) ti Zotac àti ti ASUS, eré tí wọ́n máa sá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ariwo àti ooru ni ìyàtọ̀ wọn. Ooru yẹn ṣe pàtàkì fún wa o, ẹ rántí bí Àkúrẹ́ ṣe máa ń rí lóṣù kẹta kí òjò tó balẹ̀, ẹ sì rántí eruku ọyẹ́, káàdì onífáànù kan tó kéré yẹn á máa pariwo láàárọ̀ lálẹ́. Èmi á fowó lé e kí n lè ra onífáànù méjì, mi ò ní fi kọ́bọ̀ kan lé e torí iná aláwọ̀ mèremère.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iná.

Wáàtì ló yẹ kéèyàn wò kó tó wo orúkọ. RTX 4060 ń jẹ wáàtì 115, RX 6600 ń jẹ 132, RX 7600 ń jẹ 165, RTX 3060 ń jẹ 170, RX 580 àtijọ́ yẹn 185, Arc B580 ti Intel 190. RTX 3080 tí gbogbo wa ń lálàá ẹ̀ nígbà tó jáde ní 2020, 320 ni tiẹ̀. Ní ibi tí iná wà ní gbogbo ìgbà, ìyàtọ̀ yìí á kàn hàn díẹ̀ nínú owó iná ni. Nílé wa ńkọ́? Ká sọ pé ínfátà oníbátìrì kan lẹ ní, 12V 200Ah, bátìrì olómi tó wọ́pọ̀ yẹn. Lórí ìwé, ohun tó wà nínú ẹ̀ tó wáàtì 2,400 fún wákàtí kan, àmọ́ kò yẹ kéèyàn fà á kọjá ìdajì tí ò bá fẹ́ kó tètè kú, ìyẹn 1,200. Kọ̀ǹpútà tó ní RTX 4060 pẹ̀lú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀) tí ò jẹ iná jù àti mọ́nítọ̀, tí géèmù bá ń lọ lórí ẹ̀, á máa fa nǹkan bíi 250. Ẹ pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí márùn-ún, kẹ́ ẹ wá yọ èyí tí ínfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ àti fáànù òrùlé tẹ́ ẹ tàn sí i. Ẹ gbé 3080 síbẹ̀, ó ti di 450 sókè, wákàtí méjì àbọ̀ lè má pé kí gbogbo ilé tó ṣókùnkùn, màmá yín á sì jáde sí pálọ̀ á béèrè ẹni tó fa bátìrì gbẹ, ẹ ò sì ní lè sọ pé géèmù Cyberpunk ni.

Àwọn tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, I-better-pass-my-neighbour, ẹ̀yin lẹ tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, torí káàdì ńlá kì í fa iná ní ìwọ̀n kan náà, ó máa ń fò sókè lójijì kó tún wá sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré ò fẹ́ràn ìyẹn rárá, ẹ máa gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe ń yí padà, iná á máa ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà á kàn kú pátápátá. Ẹ fi UPS tàbí stabilizer sáàárín. Power supply inú kọ̀ǹpútà náà, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo inú ẹ̀ ńkọ́, ẹ má ra èyí tí wọ́n kọ 600W sí lára tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, mo ti rí èyí tó gbé káàdì tuntun lọ sọ́run lọ́dọ̀ ẹnì kan ní Ìjàpọ̀. 500W tó jẹ́ ojúlówó, tó ní àmì 80 Plus (pé kì í fi iná ṣòfò), sàn ju 750W tí ẹnikẹ́ni ò mọ bàbá ẹ̀ lọ.

Bẹ́ ẹ bá wá ní Dell OptiPlex tàbí HP tòkunbọ̀ tí wọ́n kó dànù ní ọ́fíìsì òyìnbó, tó kún Àkúrẹ́ yìí fọ́fọ́, kò sí ìjà Nvidia àti AMD nínú ọ̀rọ̀ tiyín, power supply inú ẹ̀ kì í sábà ní wáyà tẹ́ ẹ máa kì bọ káàdì, torí náà èyí tó ń fa iná láti ojú ihò motherboard (pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà wọ̀ mọ́) nìkan lẹ máa wá, tí kò sì kọjá wáàtì 75. GTX 1650 ló wà fún yín, kẹ́ ẹ sì wo ara ẹ̀ dáadáa torí àwọn kan wà tó ní ojú wáyà. Bí páálí kọ̀ǹpútà náà bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, low profile (káàdì kúkúrú) lẹ máa béèrè. Ó parí.

Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà gidi, tó sì ní owó lọ́wọ́, òun ló lè yàn. Èrò tèmi rèé, tí géèmù nìkan lẹ fẹ́ ta, bọ́ọ̀lù EA FC, GTA V, Call of Duty, Valorant, lórí mọ́nítọ̀ 1080p lásán (ìwọ̀n àwòrán tó wọ́pọ̀), ẹ ra AMD. RX 6600 àti RTX 3060, iye kan náà ni wọ́n fi gbé àwọn méjèèjì jáde ní 2021, dọ́là 329, eré wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní 1080p, àmọ́ lónìí tẹ́ ẹ bá wọ ọjà tòkunbọ̀ ti AMD ló máa ń wálẹ̀ jù, torí pé GeForce, orúkọ tí Nvidia ń pe káàdì géèmù ẹ̀, ni orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀. Orúkọ yẹn lẹ̀ ń sanwó fún. Láti oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara ẹ̀ lọ́jà, owó orúkọ kì í ṣe owó kékeré mọ́. Ó ṣáà lérè tiẹ̀ náà o, bẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, ti Nvidia máa ń tètè lọ, ti AMD ẹ máa ṣàlàyé títí ẹnu yín á fi gbẹ.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ tún fẹ́ fi ṣiṣẹ́, ẹ gbàgbé ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn. Àwọn ọmọ FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́) tó ń ka Architecture tí wọ́n ń fi Blender àti àwọn sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ yàwòrán ilé, àwọn tó ń kọ́ machine learning (kíkọ́ kọ̀ǹpútà láti máa dá nǹkan mọ̀ fúnra ẹ̀), àwọn tó ń ya fídíò òde ìyàwó ní Àlágbàká tí wọ́n á padà sílé lọ gé e ní Premiere, Nvidia ni kẹ́ ẹ rà. Ohun tó fà á ni CUDA, ètò tó ń jẹ́ kí sọ́fítíwíà lè fi káàdì Nvidia ṣe ìṣirò tí kì í ṣe ti géèmù. Láti 2007 ni Nvidia ti gbé e jáde, tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà sì ti ń kọ́lé lé e lórí, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ló jẹ́ pé orí ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń dán gbogbo nǹkan wò. AMD ní tiẹ̀ náà, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ máa fi òru yín wá bẹ́ ẹ ṣe máa tò ó, tẹ́ ẹ sì ń jó dátà lórí ẹ̀. Fún irú iṣẹ́ yìí RTX 3060 onígíìgì 12 (ìyẹn mẹ́mọ́rì tó wà lórí káàdì) ni mo máa ń sọ, ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má ta onígíìgì 8 fún yín pẹ̀lú orúkọ kan náà, ó wà lọ́jà, kò sì yára tó ti àkọ́kọ́. 4060 jẹ iná kéré jù ú lọ, ṣùgbọ́n gíìgì 8 ló ní, iṣẹ́ ńlá lè kún un pa.

Wọ́n tún máa ń fi DLSS àti FSR bá ara wọn jà. Ọgbọ́n kan náà ni: káàdì á ya àwòrán ní kékeré kó má bàa rẹ̀ ẹ́, á wá fi ìṣirò sọ ọ́ di ńlá kó tó gbé e sójú mọ́nítọ̀. DLSS ti Nvidia ló máa ń mọ́ jù lójú, pàápàá lórí irun àti ewé, àmọ́ RTX nìkan ló wà fún. FSR tí AMD gbé jáde ní 2021, wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì Nvidia àtijọ́ pàápàá, FSR 4 tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ tì mọ́ àwọn RX 9000 tó jáde ní 2025. Ohun tí mo fẹ́ràn lára Nvidia níbí ni pé nígbà tí wọ́n tún DLSS ṣe ní 2025, àwọn tó ní RTX 2060 àtijọ́ náà jẹ nínú ẹ̀. Ray tracing, èyí tó ń ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn nínú géèmù ńkọ́? Lórí káàdì olówó pọ́ọ́kú, ẹ pa á. Ti AMD àti ti Nvidia, ẹ pa á.

Intel, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Arc B580 tó jáde ní oṣù kejìlá 2024, gíìgì 12 fún dọ́là 249, ọjà gidi ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà tuntun ló ń fẹ́, torí ó nílò ohun kan tí wọ́n ń pè ní Resizable BAR, èyí tí kọ̀ǹpútà i5 ìran kẹrin tẹ́ ẹ rà ní tòkunbọ̀ yẹn ò ní. Bẹ́ ẹ bá kì í bọ̀ ọ́, á máa wọ́ ẹsẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé wọ́n gbé káàdì bàjẹ́ fún yín ni.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù ni ọjà náà fúnra ẹ̀, torí ní Àkúrẹ́ yìí kò pọ̀ nílẹ̀, Ìkẹjà ni wọ́n ti máa ń fi mọ́tò gbé e wá, ẹ ó lọ gbà á ní Iléṣà gáréèjì, owó sì ti lọ kó tó dé. Káàdì àwọn tó fi ń wa kọ́ìnì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, láti oṣù kẹsàn-án 2022 tí kọ́ìnì Ethereum ti yí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ padà tí káàdì ò wúlò fún wọn mọ́, wọ́n tú u dà sọ́jà káàkiri ayé. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló bàjẹ́, fáànù àti páàdì ooru ló máa ń ti gbó jù. Èyí tí mi ò lè gbà ni ẹ̀tàn. RX 580 kan wà tí wọ́n kọ 2048SP sí lára, ti ọjà Ṣáínà ni, agbára ẹ̀ kò tó ti RX 580 gidi, 570 ló jọ, àwọn tó ń tà á kì í sì í sọ. Èyí tó tún burú ni GTX 1050 Ti ayédèrú, GTS 450 ti 2010 ló wà nínú ẹ̀, wọ́n kàn yí BIOS ẹ̀ (sọ́fítíwíà kékeré tó wà nínú káàdì) padà kó lè máa pe ara ẹ̀ lórúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kì í bọ kọ̀ǹpútà, kó ṣí GPU-Z níṣojú yín lórí fídíò, sọ́fítíwíà yẹn máa ń kọ FAKE gàdàgbà tó bá rí irú ẹ̀, kó wá gbé géèmù gidi lé e fún bí ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ máa wo ooru ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò ráyè, kó lọ bá oníbàárà míì.

GTX 1060, 1070, 1080, ó ti tó kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Oṣù kẹwàá 2025 ni Nvidia ṣe driver géèmù (sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì) tó kẹ́yìn fún wọn, ohun tó kù fún wọn ò ju ti ààbò lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ní i nílé, ẹ máa lò ó, kò sí ohun tó ṣe é, kẹ́ ẹ má ṣáà fi owó tuntun rà á.

Àbúrò mi kan tó ń ka Agric ní FUTA, RTX ló ń pariwo látìbẹ̀rẹ̀ torí pé òun ni àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní South Gate ń lò. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ó ní bọ́ọ̀lù àti GTA. RX 6600 ti Sapphire la rà, a fi owó tó ṣẹ́ kù ra power supply gidi àti SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára), ó sì ń ta bọ́ọ̀lù ẹ̀ lórí ínfátà láìsí wàhálà. Ó tún pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o, mọ́nítọ̀ 144Hz ńkọ́?" Mo ní kó lọ bi bàbá ẹ̀.