Ṣé Ó Ti Mú?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò alẹ́ àná ti gbé ojú áńténà wa síbòmíràn, Màmá sì ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀ pé ìròyìn alẹ́ ò gbọdọ̀ fo àwọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo di ọ̀pá ọparun náà mú, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró lójú fèrèsé, ó ń bá wa jíṣẹ́.

"Ṣé ó ti mú?"

"Àǹtí, Màmá ní àwòrán ti wà, kò sóhùn."

Mo tún yí i.

"Wọ́n ní ohùn ti dé, àwòrán ti di iyanrìn."

Àwọn ará ilé kejì ní àwo lórí òrùlé tiwọn, oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Màmá ní àwọn ò lè máa sanwó bọ́ọ̀lù táwọn ò ní wò. Tẹlifíṣọ̀n dígítà tí ìjọba ṣèlérí làwọn ń dúró dè ní tàwọn. Oṣù Kẹfà ọdún 2015 ló yẹ kó ti kárí Nàìjíríà. Jos rí tirẹ̀ ní 2016, Ìlọrin ní 2017, Òṣogbo ní 2018, Èkó ní 2021. Àbúrò Màmá tó ń gbé Òṣogbo ti ra àpótí tó ń gbà á sórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń fi ṣe fọ́ńté sí wa lórí fóònù: kò síyanrìn, kò sí ọ̀pá yíyí. Tí kò bá mú, ó kàn máa dì gbagidi ni, ẹnu ẹni tó ń ka ìròyìn á wà ní yíyà sílẹ̀.

Ìbàdàn sì nìyí o! Agodi níbí ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń pe ara wọn. Màmá ṣì kéré nígbà náà. Wọ́n ní ojú fèrèsé ilé olówó kan làwọn ti máa ń nàgà wò ó, títí ìyàwó ilé á fi lé àwọn.

Mo yí ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ariwo sọ nínú ilé: ó ti mú! Mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó lọ. Mo dì í mú, ó padà wá.

"Àǹtí, Màmá ní kẹ́ ẹ má kúrò níbẹ̀ o."

Bí mo ṣe dúró nìyẹn, ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń ka ìròyìn fún mi láti ojú fèrèsé. Nígbà tó ṣe, ó ní ó ti ku eré ìdárayá nìkan.

Màmá ní mo lè fi í sílẹ̀ wàyí.