Ẹ má fi Linux sílẹ̀ lójú oorun kí ẹ tó tan FreeBSD

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ fi Linux àti FreeBSD, operating system méjì, sórí laptop kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ partition (apá kan lára díìsìkì) tí àwọn méjèèjì á jọ máa kọ nǹkan sí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni mo pàdánù kí n tó kọ́ ọ.

Ext2 ni mo fi ṣe é, ìyẹn filesystem kan (ọ̀nà tí a ń gbà to fáìlì sórí díìsìkì), torí ilé Linux ló ti wá, FreeBSD náà sì lè kà á, kó sì kọ sí i. UFS tí í ṣe ti FreeBSD ńkọ́? Linux lè kà á, ṣùgbọ́n ìdánwò ni àwọn tó ń ṣe kernel (ọkàn Linux) pe kíkọ nǹkan sí i. Ẹ fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, iná lọ, bátìrì ti ń tán, mo bá fi Linux sí hibernate, ìyẹn ni pé ó kó ohun tó wà nínú memory rẹ̀ pamọ́ sórí díìsìkì, ó sì sùn. Nígbà tí iná dé, FreeBSD ni mo tàn. Ó kọ̀ láti ṣí partition náà fún kíkọ, ó ní kò mọ́, àfi kí n ṣe fsck, àṣẹ tó ń yẹ filesystem wò, tó sì ń tún un ṣe. Mo ṣe é, ó ṣí, mo kọ odidi orí kan kún iṣẹ́ mi. Ìgbà tí mo jí Linux padà ni wàhálà dé. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn òun. Bí díìsìkì ṣe rí kó tó sùn ló ṣì wà nínú memory rẹ̀. Ibi tó mọ̀ sí òfìfo, FreeBSD ti kó fáìlì síbẹ̀. Ó bá ń kọ tirẹ̀ lé e lórí. Kó tó di alẹ́, fáìlì tí mo bá ṣí, wúruwùru ni mo ń bá nínú rẹ̀. Fsck kò sì lè gbani níbẹ̀, torí orí díìsìkì ló ń tún ṣe, kò lè dé inú memory ẹni tó ń sùn. Ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, tàbí kí ẹ umount partition náà (kí ẹ tú u kúrò lára Linux) kí ẹ tó ṣe hibernate.

Nọ́ńbà ni filesystem fi ń mọ ẹni tó ni fáìlì, kì í ṣe orúkọ. Debian àti Ubuntu máa ń fún ẹni àkọ́kọ́ ní 1000; 1001 ni FreeBSD ń fún un. Nítorí náà, ẹ ó dé ẹ̀gbẹ́ kejì, fáìlì yín á kọ̀ yín bí àjèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré ṣe chmod 777, tó ń ṣí fáìlì sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní FreeBSD, tí adduser (àṣẹ tó ń fi ẹni tuntun kún un) bá ti béèrè Uid, ìyẹn nọ́ńbà yẹn, ẹ kọ 1000 sí i, ó parí. FAT32, filesystem mìíràn tí méjèèjì lè lò, kì í tọ́jú ẹni tó ni fáìlì rárá, kò sì gba fáìlì tó tó 4 GiB.

ZFS, filesystem mìíràn, ni mo ń lò báyìí; pool ni wọ́n ń pe ibi tó ń kó fáìlì sí. Láti OpenZFS 2.0 (ẹ̀yà ZFS kan) ní 2020, kóòdù kan náà ni Linux àti FreeBSD jọ ń lò. Ẹ má kàn ṣe zpool upgrade (àṣẹ tó ń sọ pool di tuntun) nígbà tí ẹ̀yà ZFS ní ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣì jẹ́ ti àtijọ́, kó má baà di pé ẹ̀gbẹ́ náà kò lè ṣí pool náà mọ́. Kí ẹ tó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ṣe zpool export, tó ń tú pool náà sílẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ̀gbẹ́ kejì á sọ pé ẹ̀rọ mìíràn ló lò ó kẹ́yìn, á ní kí ẹ fi -f (tipátipá) sí zpool import, àṣẹ tó ń ṣí pool náà. Ẹ padà lọ wo ẹni àkọ́kọ́ ná, bóyá ẹ pa á ni àbí ó ń sùn.