Ìgbẹ́ ìnàkí ni mo lọ wò láàárọ̀ yìí

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Rùwáńdà ni mo wà, nínú igbó ọba Volcanoes, níbi tí òtútù ti ń mú ni dé eegun. A ti rìn nínú ẹrẹ̀ àti èsìsì fún wákàtí méjì kí ẹ̀ṣọ́ igbó tó dúró lójijì, tó nàka sílẹ̀. Mo rò pé ejò ni. Àṣé ibùsùn ìnàkí ni, ewé tí wọ́n tẹ́ rìbìtì, ìgbẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Alaalẹ́ ni ìnàkí máa ń tẹ́ ibùsùn tuntun, ibẹ̀ náà ló sì ń yàgbẹ́ sí. Àwọn olùṣèwádìí á bu díẹ̀, wọ́n á yẹ DNA inú rẹ̀ wò, wọ́n á mọ ẹni tó sùn níbẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Ara ọ̀nà tí wọ́n fi ka ìnàkí 604 ní òkè Virunga, níbi tí igbó yìí wà, ní 2015 sí 2016 nìyẹn. Àwọn tí ojú wọn ti mọ́ èèyàn ńkọ́? Ìlà imú wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀.

A wọ ìbòmú kí ikọ́ wa má baà ràn wọ́n. Ìyá kan pọnmọ kọjá bí ẹni ń lọ sọ́jà, kò tiẹ̀ wò wá.

Láti 2005 ni wọ́n ti ń ṣe ìsọmọlórúkọ fún ọmọ ìnàkí níbí, Kwita Izina ni wọ́n ń pè é. Mo bi ẹ̀ṣọ́ náà bóyá oyin àti ataare máa ń wà níbẹ̀. Ó kàn ń wò mí ni.