Pósítà "Sergeant Rutledge" ti ọdún 1960: ibi tí iṣẹ́ dé dúró

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta

Pósítà tí mo ti ń wá tipẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì fẹ́ tún un ṣe. Ti fíìmù kọ́bọ̀ì "Sergeant Rutledge" ni, èyí tí John Ford darí. Woody Strode ló ṣe sájẹ́ǹtì náà, ọmọ ogun adúláwọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kẹsàn-án ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ẹ̀sùn èké wọ́ lọ sílé ẹjọ́ ológun. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun yẹn kì í ṣe àròsọ. Ọdún 1866 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Strode fúnra rẹ̀ wà lára àwọn adúláwọ̀ tó ṣílẹ̀kùn NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà aláfọwọ́gbá, padà ní 1946. Síbẹ̀, lórí pósítà, orúkọ Jeffrey Hunter, òṣèré aláwọ̀ funfun, ni wọ́n fi ṣáájú, ẹni tó ni ìtàn wà nísàlẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n fẹ́ kí bébà yìí pẹ́ láyé.

Ínǹṣì 27 sí 41 ni. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ National Screen Service (NSS) wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, "60/" ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ló ń pín pósítà kiri sí sinimá láyé ìgbà yẹn, láti ọdún 1940. Nọ́ńbà yẹn ni mo máa ń wò kí n tó sanwó: bí lẹ́tà R bá ṣáájú rẹ̀, a jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n tún fíìmù náà gbé jáde ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Àárín oṣù Kẹta

Sẹ́lótéèpù ló gba sùúrù jù. Ẹnì kan ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn gbogbo ojú ìṣẹ́po látijọ́. Mo fi irin pẹlẹbẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣí ọ̀rá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo fi rọ́bà rírọ̀ họ gọ́ọ̀mù tó kù. Àbààwọ́n tó ti wọlé, acetone, kẹ́míkà olómi tó ń tú gọ́ọ̀mù, ni mo fi lé e, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò lọ tán, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bébà tó ti gbó kò ṣeé fipá mú.

Kó tó wọ omi, mo fi òwú tútù kan àwọ̀ kọ̀ọ̀kan níbi kọ́ńkọ́ló, nítorí yíǹkì òǹtẹ̀ àti bírò lè ṣàn. Òwú mọ́ tónítóní. Igi lílọ̀ ni wọ́n fi ṣe bébà pósítà ayé ìgbà yẹn. Èròjà lignin inú igi àti álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi sí i ló ń di ásíìdì, tí bébà á fi pọ́n, tí á sì máa rún. Wọn ò ṣe é kó pẹ́; bí fíìmù bá ti kúrò ní sinimá, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Omi àkọ́kọ́ jáde ní pupa rúsúrúsú. Nígbà tí omi mọ́, mo fi èyí tí mo po calcium hydroxide díẹ̀ sí ṣan án kẹ́yìn, kí ásíìdì tó kù lè rọlẹ̀.

Ìparí oṣù

Mo fa kánfáàsì òwú le lórí pátákó, mo kàn án mọ́ etí, mo sì tẹ́ bébà Japan tẹ́ẹ́rẹ́ lé e kí pósítà tó bọ́ sórí. Sítáàṣì àlìkámà ni gọ́ọ̀mù mi. Bí a ṣe ń ro ògì ni mo rò ó, mo sì sẹ́ ẹ nígbà tó tutù. Àwọn kan ń lo gọ́ọ̀mù òde òní tí kì í ṣí mọ́ láéláé. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ohun tí a bá fi lẹ bébà àtijọ́, ó yẹ kí ẹlòmíì lè fi omi tú u lọ́la. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí kí atẹ́gùn má bàa há sábẹ́. Níbi tí ìlà ìṣẹ́po ti pàdé, tó ti lu, lẹ́tà tó ti ya sọ́tọ̀ tún so pọ̀ lójú mi. Inú mi dùn kọjá sísọ.

Oṣù Kẹrin

Ó ti gbẹ. Wọ́tákọ́lọ̀ àti pẹ́ńsù àwọ̀ ni mò ń lò báyìí, ibi tí funfun bébà ti yọ nìkan ni mò ń kàn. Mi ò ní kun ojú ìṣẹ́po pa. Ní ṣíṣẹ́po ni pósítà máa ń dé sinimá títí di nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, kí wọ́n tó wá ń ká wọn róbótó bí ẹní.

Fírémù ló kù. Ike tó ń dí ìtànṣán UV, èyí tó ń mú àwọ̀ ṣá, ni mo rà dípò gíláàsì, màá sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kó má bàa kan ojú pósítà. Mo tún ń wá lobby card fíìmù yìí, káàdì alàwòrán tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sí iwájú sinimá nígbà yẹn, èyí tó jẹ́ ínǹṣì 11 sí 14, tí mẹ́jọ máa ń wà nínú ọ̀wọ́ kan. Èyí tí ojú Strode bá wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́. Ẹni tó bá mọ ibi tó wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta mí lólobó.