Ẹ bá mi dúpẹ́ o, odò ò gbé mi lọ

Ẹ̀yin ará mi n'Íbàdàn, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga o! Mọ́mì ló ní kí n sọ ọ́ síta kó tó di Sunday, wọn ò tíì sùn dáadáa látìgbà tí wọ́n ti gbọ́.

Exeter ni mo ti ń kàwé, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa kayak, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́nìkan yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bèèrè pé kí ló dé tó jẹ́ inú òtútù la ti ń wà á. Odò Dart tá a ti ń wà á kì í fi bẹ́ẹ̀ lómi nígbà ooru tiwọn, àsìkò wíńtà tójò ń rọ̀ sórí òkè Dartmoor ló máa ń kún, tójò bá sì ti rọ̀ síbẹ̀ kì í pẹ́ tómi á fi ya wálẹ̀.

Oṣù Kejìlá tó kọjá la gbéra láti Newbridge, létí odò náà, òjò ti rọ̀ mọ́jú, olórí wa wo omi ó ní ó ṣì ṣeé wà, gbogbo wa wọ akoto àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Níbì kan tómi ti ń ya lu àpáta, ó kàn dà mí dojú dé ni, ó já àjẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, mo fa aṣọ tó bo ẹnu ọkọ̀ mo sì bọ́ sómi. Yéè, òtútù! Kì í ṣe ọyẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn o. Èémí ò gbọ́ tèmi mọ́, mò ń mí gúlegúle. Wọ́n ti kọ́ wa pé téèyàn bá já sómi tútù bẹ́ẹ̀ kó má jà, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó na ẹsẹ̀ síwájú, kí jákẹ́ẹ̀tì gbé e títí èémí á fi wálẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, àfi bí mo ṣe rí igi ńlá tó ti wó dí odò níwájú. Irú igi yẹn burú ju àpáta lọ, bí ìgbà téèyàn ń sẹ́ ògì ni, omi á kọjá, èèrí á há, èmi sì ni èèrí lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọbìnrin kan nínú wa ti dúró létí odò, ó ju okùn, kò bá mi, ó fà á padà ó tún jù ú, ó bà mí lákoto gbà! Mo dì í mú, omi fúnra ẹ̀ ló gbé mi yí lọ sí bèbè.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá le. Wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo lòní, Yorùbá ni mo fi ń dá wọn lóhùn, mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ n sùn díẹ̀. Àwọn òyìnbó wojú ara wọn, wọ́n rò pé ahọ́n mi ti lọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti ń lọ́ lóòótọ́ ṣá. Ara tó yẹ kó gbóná dé ìwọ̀n 37 lórí Celsius, tó bá ti wá sábẹ́ 35, làákàyè á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Wọ́n bọ́ aṣọ tútù lára mi, wọ́n wọ gbígbẹ fún mi, wọ́n fa àgọ́ kékeré kan bo gbogbo wa, nígbà tójú mi wá ń là díẹ̀ wọ́n fún mi ní tíì tí ṣúgà kún bámúbámú. Wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ ra mí lára, wọn ò sì fún mi lọ́tí, wọ́n ní méjèèjì léwu. Ká ní Mọ́kọ́lá ni, Robb ni wọn ì bá fi pa mí látorí dé àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀! Áńbúláǹsì dé, ọsibítù dá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Mo wá délé, àwọn kan ti ní ayé ló tì mí, wọ́n tiẹ̀ ti ń dárúkọ àǹtí kan nínú ẹbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àǹtí yẹn sílẹ̀. Òjò ló rọ̀, odò ló kún. Mọ́mì fojú ara wọn rí omíyalé Ògùnpa lọ́dún 1980, mi ò gbọ́ kí wọ́n ní àjẹ́ ló pọn ọ́n síbẹ̀. Ọlọ́run tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló fi okùn sọ́wọ́ ọmọ yẹn, ọmọ tó ń fi jíju okùn dánra wò lórí pápá nígbà táwọn ẹlòmíì ń sùn, mo sì máa dárúkọ òun náà níwájú pẹpẹ.

Sunday yìí ni ìdúpẹ́, tá a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé wa ní Mọ́kọ́lá lẹ ń bọ̀ tààrà. Àǹtí yẹn gan-an ló ń ro àmàlà, ẹni tẹ́rù bá ń bà kó má jẹ.