Àyẹ̀wò ọdún: ilé tuntun wa ní Mọ́níyà, láti kòtò ìpìlẹ̀ dé ọ̀dà

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Kòtò ìpìlẹ̀ ni ilé ẹbí wa ní Mọ́níyà jẹ́ nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ ń gbẹ lọ. Bí a ti ń ṣe ìṣírò ọdún, ohun kan ń yọjú níbi gbogbo: n'Ìbàdàn, òjò àti ọyẹ́ ń pàṣẹ fún iṣẹ́ ilé bí owó ṣe ń pàṣẹ. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní oṣù tirẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa fún ìpìlẹ̀. Kòtò tí òjò bá rọ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ya lulẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di ẹrẹ̀, a kì í sì í da kọnkéré lé ẹrẹ̀. Ṣe ni ká kó o kúrò títí a ó fi kan ilẹ̀ líle. Ilẹ̀ pupa tó le ni tiwa, kòtò ẹsẹ̀ bàtà 3 sì tó fún ilé tí kò ní dẹ́kìn (ìyẹn, tí kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì). Ibi àkùrọ̀, tàbí ibi tí wọ́n ti ń da ilẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kọnkéré ìsàlẹ̀ nípọn tó íǹṣì 9: sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. Omi ni wọ́n fi ń bà á jẹ́ jù, torí pé àpòpọ̀ tó bá ṣàn bí ògì rọrùn fún àwọn lébìrà láti dà, ṣùgbọ́n kò ní lágbára tó bá gbẹ.

Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń dí inú ìpìlẹ̀ gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó. Bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òkè nìkan ló máa kì. Ìsàlẹ̀ á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ pálọ̀ á ní ihò lábẹ́, táìsì á là. Íǹṣì 6 ni kí wọ́n dà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n gún un dáadáa, kí wọ́n tó da òmíràn lé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rá dúdú, kí omi ilẹ̀ má baà gòkè, kó tó kan flọ́ọ̀.

Búlọ́ọ̀kù íǹṣì 9, bíi 10 là ń ṣírò fún ògiri tó jẹ́ mítà 1 níbùú àti lóròó, ká yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ká wá fi díẹ̀ kún un nítorí èyí tó máa fọ́. Ẹ fi èékánná ha etí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí yanrìn bá ń dà sílẹ̀, sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ kò tó.

Kí òjò oṣù kẹfà tó le, ó yẹ kí òrùlé ti wà lórí. Ọjà pákó Bódìjà kún fún pákó tútù. Bí wọ́n bá kàn án bẹ́ẹ̀, yóò lọ́ nígbà tó bá ń gbẹ, páànù á gbé ara sókè. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì fi oògùn ikán kùn ún kó tó gòkè. Igun tí òrùlé méjì ti pàdé ni omi ń gbà wọlé jù. Lójú tiwa, òrùlé tí kò nígun púpọ̀ ló dáa jù, bí kò tilẹ̀ gbàfẹ́.

Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, gbogbo páìpù gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, íǹṣì 4, kó máa dagẹ̀rẹ̀ ní íǹṣì 1 fún ẹsẹ̀ bàtà 4. Ẹ rọ omi kún àwọn páìpù, ẹ dí ẹnu wọn di ọjọ́ kejì. Bó bá ń jò, ẹ ó rí i kí táìsì tó bò ó.

Ọyẹ́ dáa fún ọ̀dà, kò dáa fún rírẹ́. Ó ń fa omi kúrò nínú sìmẹ́ǹtì kó tó gan, ìlà wẹ́wẹ́ á sì kún ojú ògiri. Ìdí nìyí tí rírẹ́ fi bọ́ sí oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, lábẹ́ òrùlé. Ká kọ́kọ́ wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù, ká rẹ́ ẹ ní ìdajì íǹṣì, tàbí díẹ̀ lé. Ibi tó bá wọ́, ká rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí ó gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá sáré kùn ún torí Kérésì, iyọ̀ funfun á yọ lára rẹ̀, ọ̀dà á wú, á bó.

Táìsì ò gba àlàyé púpọ̀: ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, kí nọ́ńbà ara páálí bára mu, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un.

Gọ́tà àti kànga ló kù. Ìlú tó rí omíyalé Ògùnpa ní 1980, tó tún rí ti oṣù kẹjọ 2011, kò yẹ kó fi gọ́tà ṣeré. Kànga di oṣù kẹta, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù. Èyí tí wọ́n bá gbẹ́ lójò lè gbẹ táútáú lẹ́ẹ̀rùn. Ó yẹ kó wà lápá òkè, kó sì jìnnà tó mítà 30 sí sókàwéè (kòtò tó ń gba omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀). Ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì gùn ní 100, kò fẹ́ẹ̀ gba èyí, nítorí náà a ti ń bá àwọn aládùúgbò sọ ibi tí sókàwéè tiwọn wà, kí a tó fi èèkàn sàmì sí ojú kànga.