Tate Modern àti etí odò Thames: ẹ jẹ́ ká máa wọlé síbẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Peckham, Old Kent Road, Camberwell àti gbogbo agbègbè yẹn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, a ti bímọ síbẹ̀, ojoojúmọ́ la ń gun bọ́ọ̀sì kọjá Blackfriars lọ síbi iṣẹ́, síbẹ̀ a ò wọ Tate Modern rí, ilé ńlá tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà òde òní sí. Tẹ́ ẹ bá bi àwọn èèyàn, wọ́n á ní ti òyìnbó nìyẹn, àwọn míì á ní owó ńkọ́. Owó wo? Ọ̀fẹ́ ni o! Àwọn àfihàn pàtàkì kan nìkan ni wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún, ìyókù tó pọ̀ ju ohun tí ẹsẹ̀ èèyàn lè rìn tán lóòjọ́ lọ, ẹ kàn máa wọlé ni. Èyí tó ń dùn mí jù ni "ti òyìnbó ni" yẹn, torí kì í ṣe òótọ́. Àmì àwa tá a ti ibòmíì wá wà nínú ilé yẹn, látorí ilẹ̀ títí dé ara ògiri.

Màmá ìyàwó mi ló jẹ́ kí n rí i dáadáa. Wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ nígbà tí ìyàwó mi bí àbúrò Tiwa ọmọ wa. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá, aṣọ ni wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn tà, láti Gbági àtijọ́ títí dé New Gbági, tó bá wá dọ̀rọ̀ ankara, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ tiwọn kẹ́ ẹ tó sọ tiyín. Inú ilé ti sú wọn, òtútù ò jẹ́ kí wọ́n jáde, nígbà tí oòrùn wá yọ lọ́jọ́ Sátidé kan mo ní Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀. A wọ bọ́ọ̀sì 63, a sọ̀ sí Blackfriars Road, a rìn dé etí odò.

Ilé gìrìwò ni, bíríkì lókè, bíríkì nísàlẹ̀, ṣíminì kan ṣoṣo ló dúró láàárín ẹ̀. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Bàbá Tiwa, sé ilé isẹ́ kọ́ nìyí?" Wọn ò ṣì í mọ̀. Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni tẹ́lẹ̀, Bankside Power Station, Giles Gilbert Scott ló ya plánù ẹ̀, òun náà ló ya plánù àpótí tẹlifóònù pupa tí gbogbo àlejò ń dúró tì ya fọ́tò ní Lọ́ńdọ̀nù. Epo ni wọ́n ń sun níbẹ̀, nígbà tí epo wọ́n, wọ́n tì í pa ní 1981, ilé sì wà bẹ́ẹ̀ láìṣe nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Tate tó gbà á, tí àwọn ayàwòrán ilé Herzog & de Meuron láti Switzerland tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i ní May 2000. Ṣíminì yẹn ga tó mítà 99, wọn ò jẹ́ kó ga ju sọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul's tó wà lódì kejì odò lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, Màmá ní, "NEPA wọn nìyí nígbà kan!" Bẹ́ẹ̀ ni mà.

Ẹnu ọ̀nà Holland Street ni kẹ́ ẹ gbà wọlé o, ẹ má gba ti ẹ̀gbẹ́ odò, torí ti Holland Street ló máa mú yín sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọnú Turbine Hall, yàrá tí wọ́n kó ẹ̀rọ iná sí láyé ọjọ́un, gíga ẹ̀ tó mítà 35, gígùn ẹ̀ ju 150 lọ. Wọ́n ti kó ẹ̀rọ jáde, oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń gbé gbọ̀ngàn yẹn fún báyìí láti fi dárà. Ní 2003 Olafur Eliasson gbé oòrùn kan kọ́ síbẹ̀ tí àwọn èèyàn ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wò. Ní 2010 Ai Weiwei da èso sunflower mílíọ̀nù 100 síbẹ̀, tánganran ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi kùn ún. Ní 2023 ó kan El Anatsui, ọmọ Ghana tó dé Nsukka ní 1975, ó kó ìdérí ìgò ọtí jọ, ó fi wáyà so wọ́n pọ̀ di ìgbòkun ńlá, torí ọtí àti òwò ẹrú jọ gba orí òkun kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ní 2007, Doris Salcedo, ọmọ Colombia, la ilẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mítà 167 gbáko. Nígbà tí àfihàn ẹ̀ parí, wọ́n fi símẹ́ǹtì dí i, àpá ẹ̀ wà níbẹ̀ dòní, àwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́ kọjá láì mọ ohun tó jẹ́. Shibboleth ni Salcedo pe iṣẹ́ yẹn. Bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀, Màmá ti gbà á lẹ́nu mi, ìyá ìjọ ni wọ́n, Onídàájọ́ orí kejìlá, àwọn ará Gílíádì dúró sétí Jọ́dánì, ẹni tó bá fẹ́ sọdá á kọ́kọ́ pe Ṣibboleti, ẹni tó bá pè é ní Sibboleti, ará Éfúráímù ni, wọ́n á pa á, ẹgbàá mọ́kànlélógún èèyàn ló kú. Mo sọ fún wọn pé Salcedo ń fi èyí sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń wá sí Europe láti ìlú òkèèrè, tí wọ́n ń fi ohùn àti àwọ̀ dá mọ̀ lẹ́nu bodè, tí wọ́n sì ń yà sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé pàápàá. Màmá dákẹ́ sí àpá yẹn. Wọ́n wá ní, "Emi ọmọ Ìbàdàn yìí ńkọ́, sebí Sibboleti náà ni màá pè é, wọn ì bá ti pa mí sódò yẹn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí ará Ìbàdàn ṣe ń sọ̀rọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára o, torí mo rántí gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ní kí n tún orúkọ mi pè lórí fóònù, kí n tún un pè, kí n tún un pè, tí ohùn ẹni tó wà lódì kejì á sì yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Iṣẹ́ ọnà tó lè mú ìyá ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin sọ ohun tí ọkàn mi ti ń gbé kiri bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ tún ń wá.

Nígbà tá a gòkè, iṣẹ́ Yinka Shonibare tí wọ́n ń pè ní The British Library wà níbẹ̀. Ìwé 6,328, ankara ni wọ́n fi dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó sórí ṣẹ́ẹ́fù. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Màmá kò wo orúkọ tí wọ́n fi wúrà kọ sẹ́yìn ìwé, aṣọ ni wọ́n ń wò. "Hollandais ni. Èyí náà Hollandais. Wọ́n ná owó sí i!" Ọwọ́ wọn fẹ́ẹ̀ kan aṣọ kí n tó dá wọn dúró. Wọ́n ń sọ èyí tó tà dáadáa ní Gbági àti èyí tí wọ́n ra lọ́pọ̀ tí kò tà, àwọn òyìnbó méjì kan dúró tì wá, wọ́n ń gbọ́, wọn ò gbédè ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tó mọ nǹkan ló ń sọ̀rọ̀.

Aṣọ yẹn gan-an ní ìtàn. Àwọn Dutch wo bátíìkì àwọn ará Java ní Indonesia, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ irú ẹ̀, wọ́n gbé e wá sétí òkun wa, a rà á, a fi ń kó aṣọ ẹbí, ó di tiwa. Shonibare, tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 tó dàgbà ní Èkó, ti sọ ọ́ pé olùkọ́ òun ló bi òun ní iléèwé pé kí ló dé tí òun ò ṣe iṣẹ́ ọnà Áfíríkà pọ́ńbélé, òun náà wá lọ ra ankara ní Brixton. Ọ̀pọ̀ orúkọ tó wà lẹ́yìn àwọn ìwé yẹn, ti àwọn tó ṣí wá sí ìlú ọba tàbí tí òbí wọn ṣí wá ni, tí wọ́n sì ṣe nǹkan gidi níbẹ̀. Àwọn kan ò ní orúkọ lára rárá, torí ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Màmá ní kí n fi Tiwa àti àbúrò ẹ̀ síbẹ̀. Àmín.

Yàrá Mark Rothko la tún wọ̀, àwòrán pupa rúsúrúsú àti dúdú tó yà fún ilé oúnjẹ olówó ńlá kan ní New York tó wá yí ọkàn padà pé òun ò gbé e fún wọn mọ́. Inú òkùnkùn díẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, bẹ́ǹṣì wà láàárín. Èmi fẹ́ràn ẹ̀. Màmá jókòó torí ẹsẹ̀ ń ro wọ́n, wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní ibí yìí á dùn ún gbàdúrà.

Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ gba Millennium Bridge sọdá, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ní 2000 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i, ó mì débi pé wọ́n tì í pa lẹ́yìn ọjọ́ méjì, 2002 ló tó padà ṣí, kò mì mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ wolẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn o, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Ben Wilson ti ya àwòrán tín-ín-rín sórí ṣíńgọ́ọ̀mù tí àwọn èèyàn tutọ́ sílẹ̀. Iwájú yín gan-an ni St Paul's, iṣẹ́ Christopher Wren. Owó ìwọlé ẹ̀ wọ́n, èmi ò fẹ́ parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ìsìn àṣálẹ́ ò gbowó, ẹ lọ jókòó, ẹ gbọ́ akọrin. Màmá mọ gbogbo bí ìsìn yẹn ṣe ń lọ láì ṣíwèé, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní sọ́ọ̀ṣì tiwọn.

Shakespeare's Globe, ilé eré orí ìtàgé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tate níbẹ̀, èyí tí wọ́n tún kọ́ tí wọ́n ṣí ní 1997, torí ti àtijọ́ jóná ní 1613 nígbà tí wọ́n yin àgbá láàárín eré tí iná ràn mọ́ koríko òrùlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé ní 2012, ẹgbẹ́ òṣèré Renegade Theatre wá láti Èkó, wọ́n sì fi Yorùbá ṣe The Winter's Tale, eré Shakespeare, lórí pèpéle yẹn, Ṣàngó àti Ògún ló di ọba inú ẹ̀. Yorùbá o, ní Globe! Borough Market ò jìnnà síbẹ̀, ẹ lè lọ wò ó, ó kún, oúnjẹ ẹ̀ dára, owó ẹ̀ ò kéré, a ra búrẹ́dì a sì kúrò níbẹ̀.

Màmá ti padà sí Ìbàdàn kí àfihàn Nigerian Modernism tó bẹ̀rẹ̀ ní Tate Modern ní October 2025, títí May 2026 ni wọ́n fi í sí. Tíkẹ́ẹ̀tì ni èyí o, mo sì rà á tayọ̀tayọ̀. Àìná Onabolu ọmọ Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ẹni tó kọ́ ara ẹ̀ ní yíyàwòrán kó tó wá kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, tó jà títí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọnà ní iléèwé wa. Ben Enwonwu, Yusuf Grillo, ìkòkò Ladi Kwali, àwọn ọmọ Òṣogbo, Twins Seven-Seven àti Jimoh Buraimoh. Níbi fọ́tò irun orí tí J.D. 'Okhai Ojeikere yà ni mo pẹ́ sí jù, mo pe Màmá lórí WhatsApp, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka irun fún mi láti Ìbàdàn, sùkú nìyí, onílé gogoro nìyẹn, èyí tí wọ́n dì lọ́jọ́ ìkómọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi nìyẹn. Ọ̀dọ́bìnrin dúdú kan tó dúró tì mí ní kí n jọ̀wọ́ gbé fóònù súnmọ́ òun, òun ò gbọ́ èyí tó kẹ́yìn dáadáa.